Àpò Kẹta

Ẹnì kan ò lè dá aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn ká. Ẹ lè rò pé mò ń ṣàsọdùn, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Aṣọ náà gùn, ó sì fẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ dá a ká, ìdajì ẹ̀ á máa gbálẹ̀, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ dá a padà sínú omi. Ẹni méjì ló ń ká a. Kálukú á di igun méjì mú, wọ́n á nà án, wọ́n á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá rìn pàdé ara wọn títí ọwọ́ á fi kan ọwọ́. Igba aṣọ lóòjọ́ nìyẹn, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣe é nínú ilé ìfọṣọ yìí, nísàlẹ̀ pátápátá ilé ìwòsàn, níbi tí fèrèsé ga débi pé bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan la máa ń rí.

Òpó là ń pe ẹni tí mò ń bá ká aṣọ, torí pé ó ga, ó sì dúró gbọnyin. Èmi kúrú. Tá a bá jọ ń ká aṣọ, ṣe ló máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ kí aṣọ má bàa wọ́lẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Mo lè bí i lọ́mọ. Ó lọ́mọ mẹ́ta, ọkọ ẹ̀ sì ti bá tiẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko la fi ká aṣọ bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ mi ń kan ọwọ́ ẹ̀ nígbà igba lóòjọ́, tí mi ò sì bá a sọ ju "fà á" àti "ó tó" lọ. Ó ń kí mi láràárọ̀ o. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá." Èmi á mi orí. Àgbà tí kì í dáhùn ìkíni, ẹ fún un lórúkọ tó bá wù yín.

Ohun tó fà á nìyí. Ilé ìwòsàn yẹn náà lọkọ mi ti ṣiṣẹ́. Òun ló ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Kóòtù aláwọ̀ eérú làwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn máa ń wọ̀, ó lápò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn àpò náà ò sì jìn. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, bíírò á já bọ́, fóònù á já bọ́. Nítorí ẹ̀ làwọn ìyàwó wọn ṣe máa ń bá wọn rán àpò kẹta sínú, lápá òsì. Èmi ni mo rán ti ọkọ mi. Òwú aláwọ̀ eérú ni mo fi rán an, mo sì rán an débi pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa kóòtù náà láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo ṣe yàn-ǹ-gàn fún un títí ó fi sú u.

Àyà ló dùn ún lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kan lára àwọn bẹ́ẹ̀dì tó máa ń tì fáwọn ẹlòmíì. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó tọrọ ìwé, ó kọ nǹkan sí i, ó ní kí wọ́n bá òun kì í bọ àpò tó wà nínú kóòtù òun lápá òsì. Ó ní, "Ìyàwó mi mọ ibi tó wà." Nígbà tí wọ́n fi máa ránṣẹ́ pè mí tí mo fi máa gun àtẹ̀gùn dókè, ó ti lọ. Wọ́n sì ti kó kóòtù náà mọ́ aṣọ ẹlẹ́gbin, wọ́n ti gbé e wá sísàlẹ̀ sọ́dọ̀ wa.

Òpó ló ń yẹ àpò wò lọ́jọ́ náà. Òfin ibi iṣẹ́ wa ni pé aṣọ kankan ò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a gbọ̀n ọ́n, tá a sì tọwọ́ bọ gbogbo àpò tó wà lára ẹ̀. Ó rí òòyà nínú ọ̀kan, ó rí súìtì kan nínú èkejì, ó kó wọn sọ́tọ̀ fún mi, ó sì ju kóòtù náà sínú omi gbígbóná. Nígbà tí mo sáré padà wá tí wọ́n fà á jáde, nǹkan funfun kan ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn àti lápá, wínníwínní bí òwú. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé mi. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ bí ìwé ṣe máa ń rí tí omi gbígbóná bá ti jẹ ẹ́.

Mo fẹjọ́ Òpó sun ọ̀gá. Ọ̀gá bi mí bóyá inú àpò ni ìwé náà wà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ àpò wo. Kóòtù ìjọba lápò méjì, Òpó yẹ méjèèjì wò, àpò kẹta sì rèé, ọwọ́ mi ló ti wá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn náà. Wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ sínú fáìlì rẹ̀. Òpó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún pé òun ò mọ bí òun ṣe fo ìwé náà. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Mi ò sọ nǹkan míì.

Èmi ò sunkún ní tèmi. Níbi ìsìnkú, àbúrò ọkọ mi obìnrin wò mí títí, ó ní, "Ọ̀ràn ò dun ọmọ ẹṣin, a so ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń jẹ oko kiri." Ó sọ ọ́ kí n lè gbọ́, mo sì gbọ́. Kò dùn mí náà. Nǹkan kan ti kú sí mi lára, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Mò ń jẹun, mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Mò ń gbàdúrà bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò pa á jẹ lọ́sẹ̀ kankan, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ pé inú mi ti ṣófo bí ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára mi ni ìbínú tí mò ń bá Òpó bí. Òun ni mo fi ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Orúkọ Òpó ló wà lára pátákó pé òun ni yóò yẹ àpò wò. Wọ́n pè é pé kó gbé aṣọ mímọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún. Kò tíì dé tí wọ́n fi kó ẹrù ẹlẹ́gbin wá láti wọ́ọ̀dù àwọn ìyá àgbà, àpò ńlá mẹ́rin. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo gbọ̀n ẹ̀kíní, mo gbọ̀n ìkejì, mo gbọ̀n ìkẹta. Ìkẹrin, mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo rántí pé mo di ẹnu ẹ̀ mú. Mo rántí pé ẹ̀rọ ti ń yí. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, ẹ má bi mí. Nígbà tí Òpó sọ̀ kalẹ̀ tó rí i pé ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ tó ti gbẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n rí nǹkan kékeré kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń fi sétí gbọ́ràn ni, omi gbígbóná ti bà á jẹ́. Ti ìyá àgbà kan ni, tíṣà ni nígbà ayé iṣẹ́ ẹ̀, ó yọ ọ́ sínú àpò aṣọ àwọ̀sùn ẹ̀ kó tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń wo ẹnu àwọn èèyàn tó ń lọ sókè sódò láìgbọ́ nǹkan kan, ọmọ ẹ̀ obìnrin sì ti lọ pariwo lọ́fíìsì. Ọ̀gá wo pátákó. Ó ka orúkọ Òpó. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kejì rèé láàárín ọdún méjì, òun ò sì lágbára lórí ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Kó wá gba lẹ́tà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Òpó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó mọ̀. Ẹni méjì péré la wà níbẹ̀, òun sì wà lókè, ta ló tún kù? Mo dúró dè é pé kó la ẹnu. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Èmi ń to ìrọ̀rí nígbà yẹn. Mò ń tò ó lọ. Ohun tí mo rò nínú mi, tí ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ni pé: ó ti dọ́gba.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ kọ́ kíláàsì mi. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń lò, bẹ́ǹṣì mẹ́fà àti pátákó kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń mì. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni òfin méjì tó tóbi jù lọ, ká fi gbogbo ọkàn fẹ́ràn Ọlọ́run, ká sì fẹ́ràn ọmọnìkejì bí ara wa. Mo lè kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lójú oorun. Onídìrí kan nínú kíláàsì náà, tó máa ń jókòó síwájú kó lè máa dá mi lágara, nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ọmọnìkejì yìí, ṣé àbúrò ọkọ mi wà lára ẹ̀?"

"Ó wà lára ẹ̀."

"Ẹ bá mi tún un wò nínú ìwé yẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti wò ó, kó fi ara balẹ̀. Ẹ̀rín rọlẹ̀, àmọ́ òun ò tíì ṣe tán. Ohùn ẹ̀ yí padà díẹ̀.

"Ó dáa náà. Tí mo bá wo inú mi ńkọ́, tí mi ò rí ìfẹ́ kankan níbẹ̀? Mo wò ó, mo tún un wò, kò sí. Kí ni kí n ṣe?"

Mo fi ohùn olùkọ́ dá a lóhùn. Mo ní, "Ta ló ní kó o wo inú ẹ? Ohun tó o bá fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ẹ tó o bá wà nípò ẹ̀, lọ ṣe é fún un. Tí ìfẹ́ bá wá, ó wá. Tí kò bá wá, oúnjẹ ṣáà ti dé ẹnu ẹni tébi ń pa." Mo kọ ọ́ sára pátákó. Ibi tí mo ti ń kọ ọ́ ni mo ti gbọ́ ọ, bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Ṣọ́ọ̀kì dúró sí mi lọ́wọ́.

Nígbà ìsìn, mo gbìyànjú láti gbàdúrà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo sọ fún Ọlọ́run pé mi ò mọ̀ Ọ́n lára mọ́, mi ò sì fẹ́ràn Òpó, irọ́ ò dáa nínú ilé Rẹ̀. Tí mo bá ní kí n dúró dìgbà tí màá fẹ́ràn ẹ̀ kí n tó sọ òótọ́, ọmọ yẹn á ti máa kiri iṣẹ́ láti ilé dé ilé. Àmọ́ mo tún mọ ohun tó máa ná mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, kò ní sí ẹni tí màá máa bínú sí mọ́ àfi ara mi. Mi ò mọ ohun tó máa wá máa gbé mi dìde láràárọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ti fèrèsé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo yọ kóòtù ọkọ mi nínú àpótí, mo fi sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. Yàrá ọ̀gá wa ò ju ibi tí wọ́n ń to ìgbálẹ̀ sí lọ. Tábìlì kan, àga méjì, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Òpó dúró níwájú tábìlì nínú aṣọ òde, ó ti fọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́, ó gbé e dání láti dá a padà. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ ọ̀gá.

"Èmi ni," ni mo wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni, Ìyá?"

"Èmi ni mo kó ẹrù yẹn sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́bọ̀. Òpó wà lókè. Ẹ bi àwọn aláboyún."

Ọ̀gá gbé lẹ́tà náà kalẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, kì í fẹ́ kí nǹkan lọ́jú pọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó. Oṣù méje ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé àánú ọmọ yìí ń ṣe yín, àmọ́ ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé."

"Àánú kọ́. Mi ò rántí bí àánú ṣe máa ń rí mọ́. Ìka tó ṣẹ̀ náà ni mo mú wá fún yín."

Mo yọ kóòtù náà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ní, "Ẹ yẹ àpò ẹ̀ wò." Ó wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ ti ń dà rú. Mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, ó tọwọ́ bọ àpò òsì.

"Ó tán?" ni mo bi í.

"Ó tán."

"Ẹ fọwọ́ pa á dáadáa."

Ó fọwọ́ pa á láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ṣí kóòtù náà, mo ki ìka méjì bọ abẹ́ òwú tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, mo yí àpò kẹta síta. Ìdọ̀tí funfun ṣì wà nínú ẹ̀, ó ti gbẹ. Mo ní, "Ibí ni ìwé yẹn wà. Èmi ni mo rán an. Kóòtù yín ò ní in. Òpó yẹ ohun tí òfin ní kó yẹ̀ wò, mo sì mọ̀ nígbà tí mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì ní ìkejì."

Ọ̀gá fi lẹ́tà náà sínú dúróà, ó fa ìwé míì yọ, ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Ó ní wọ́n á nu tinú fáìlì Òpó kúrò. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ti wọnú tèmi, pé títí mo fi máa fẹ̀yìn tì, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò aṣọ ẹnikẹ́ni mọ́, àti pé kí n lọ fẹnu ara mi bẹ ìyá àgbà yẹn lókè. Mo ní mo gbọ́. Gbogbo ẹ̀ ń lọ bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Òpó ti jáde. Mo bá a ní kọ̀rídọ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà láyà ẹ̀. Kí n má purọ́, mo rò pé yóò dì mọ́ mi. Bó ṣe máa ń rí nínú ìwàásù nìyẹn.

"Oṣù mẹ́rìnlá, Ìyá," ló wí. Kò gbé ohùn sókè. "Mo máa ń lálàá ẹ̀. Mo máa ń tọwọ́ bọ àpò kóòtù yẹn lójú àlá, màá rí ìwé yẹn, màá sáré gbé e wá fún yín, màá wá jí. Mo ti bẹ Ọlọ́run títí mi ò mọ ọ̀nà tí mo tún lè gbà bẹ̀ Ẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀."

"Lójoojúmọ́, ní gbogbo ìgbà tá a bá ń ká aṣọ?"

"Lójoojúmọ́."

"Mo sọ fún àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ Ẹtì pé iṣẹ́ ti bọ́. Èyí àbíkẹ́yìn bi mí bóyá mo jalè ni."

Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà pé òun kọ́. Ó wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mò ń sọ. Ó ní, "Mo rò pé mo ti gba ohun tí mi ò lè dá padà lọ́wọ́ yín. Ó kéré tán, kí n má tún fẹjọ́ yín sùn."

Mo ní kó má bínú. Ó ní rárá.

"Ẹ̀yin bínú fóṣù mẹ́rìnlá, Ìyá, lórí ohun tí mi ò ṣe. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bínú."

"Títí dìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bínú."

Mo ní kó bínú. Ó nà tàntàn, ó wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ lé aṣọ òde, ó sì wọlé lọ bá iṣẹ́ láìbojú wẹ̀yìn. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e, àmọ́ nǹkan kan gún mi láyà, mo rò pé irú èyí tó pa ọkọ mi ni. Kì í ṣe òun. Ọmọ yẹn ló ń dùn mí, bó ṣe tẹ orúnkún fún mi látọjọ́ yìí wá tí mi ò fi ojú rere wò ó rí. Ọkọ mi dùn mí. Ìwé tí mi ò ní kà láyé yìí mọ́ dùn mí. Gbogbo ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ̀rídọ̀, mò ń sunkún lójú àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì kọjá. Mo ní, "Olúwa, ó ń dùn mí o." Mi ò sì bẹ̀ Ẹ́ pé kó mú un kúrò.